James Dewar, Ọkùnrin tí ó Dínà Mọ́ Ooru

Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ mọ fúláàsìkì? Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí òtútù bá ń mú ní Òmù-Àrán, ìyá yóò da ẹ̀kọ gbígbóná sínú fúláàsìkì ní ìdájí. Ẹ óò gbé e lọ sí ilé-ìwé. Bí agogo ìsinmi bá dún tí ẹ sì ṣí i, èéfín ṣì ń jáde lára ẹ̀kọ náà. Nígbà tí ó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn ń mú gan-an, ìyá kan náà yóò fọ́ yìnyín sínú fúláàsìkì kan náà. Bí olùkọ́ bá kó yín lọ wo àwọn ère òkúta ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, ẹ óò gbé e dání. Ní ọ̀sán gangan, yìnyín ṣì ń dún kéré-kéré nínú omi náà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yà yín lẹ́nu. Fúláàsìkì kò ní iná, kò sì ní bátìrì. Ta ni ó ń sọ fún un pé ẹ̀kọ ni a gbé wá lónìí, kí ó jẹ́ kí ó gbóná, àti pé yìnyín ni a óò gbé wá lọ́la, kí ó jẹ́ kí ó tutù? Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìbéèrè yìí dà mí láàmú. Ní ọjọ́ kan fúláàsìkì ìyá mi bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì fọ́. Mo jẹ ìyà rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbá gíláàsì náà dànù, mo rí i pé kì í ṣe ìgò kan ni ó wà nínú rẹ̀. Ìgò méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì, ara wọn sì ń dán bí dígí tí à ń wojú. Ó pẹ́ kí n tó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ìgò bẹ́ẹ̀ àti ohun tí ó fi ṣe é. James Dewar ni orúkọ ọkùnrin náà. Kì í ṣe nítorí ẹ̀kọ tàbí tíì ni ó ṣe ṣe é. Ohun tí ó fẹ́ fi pamọ́ sínú rẹ̀ tutù ju yìnyín lọ lọ́nà púpọ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni James Dewar. Scotland wà ní ìhà àríwá erékùṣù Bìrìtéènì. Ní ọjọ́ ogún oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni wọ́n bí i ní Kincardine, ìlú kékeré kan tí ó wà ní etí odò. Baba rẹ̀ ní ilé ìgbàlejò níbi tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń sùn sí. James ni àbíkẹ́yìn.

Ní ilẹ̀ wọn, nígbà òtútù, omi adágún máa ń dì gbagidi tí àwọn ọmọdé yóò fi máa sáré kiri lórí rẹ̀. Nígbà tí James tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ń ṣeré lórí irú adágún bẹ́ẹ̀. Yìnyín là lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì rì sínú omi. Wọ́n yọ ọ́, kò kú, ṣùgbọ́n òtútù ti wọ̀ ọ́ lára. Ibà líle kan kọ lù ú, ó mú gbogbo oríkèé ara rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún méjì kò lè rìn dáadáa. Ọ̀pá ni ó fi ń ti abíyá.

Kí ni ọmọ tí kò lè sáré yóò máa ṣe láti àárọ̀ di alẹ́? James máa ń lọ jókòó lọ́dọ̀ káfíńtà kan ní ìlú wọn. Káfíńtà náà kọ́ ọ bí a ti ń ṣe fáólíìnì. Ẹ mọ gòjé tí àwọn onílù máa ń ta ní òde àríyá ní agbègbè Ìlọrin? Ìbátan gòjé ni fáólíìnì. Pákó rẹ̀ gbọ́dọ̀ tín-ín-rín gan-an, bí ọwọ́ bá sì ṣì díẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. James ṣe é títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó di àgbà, ó gbà pé ibẹ̀ ni ọwọ́ òun ti kọ́ ìmọ̀ọ́ṣe.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò ní ìyá, kò sì ní baba mọ́. Síbẹ̀ kò fi ìwé sílẹ̀. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Dollar, lẹ́yìn náà ó wọ Yunifásítì Edinburgh, níbi tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. Ní ọdún 1871 ó fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Helen Banks. Wọn kò bí ọmọ. Ní ọdún 1875 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge. Ní ọdún 1877 wọ́n tún pè é sí Royal Institution ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìwádìí ńlá ni èyí, níbi tí àwọn ènìyàn máa ń wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ní alẹ́. Ní àkókò Kérésìmesì, àwọn ọmọdé ni wọ́n máa ń kọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Dewar fúnra rẹ̀ kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ilẹ̀ wa ti rí nígbà náà. Ọdún 1877 yìí gan-an ni ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀, tí àwa Ìgbómìnà pẹ̀lú àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jọ kojú Ìbàdàn. Ogun náà kò tú ká pátápátá títí di ọdún 1893. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni Dewar wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ń bá ooru jagun tirẹ̀.

Kí ni ìjà náà dá lé lórí? Ẹ mọ̀ pé bí omi bá gbóná púpọ̀, ó máa ń di oruku, ó sì máa ń fò lọ. Bí oruku náà bá tutù, yóò padà di omi. Àwọn onímọ̀ rò pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún omi, ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú náà. Bí a bá mú un tutù tó, ó yẹ kí ó di ohun tí ó ń ṣàn. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó tó? Lórí òṣùwọ̀n ìgbóná tí à ń lò, omi ń dì ní òdo, ó sì ń hó ní 100. Ọ́síjìn, èyí tí ó ń gbé ẹ̀mí wa ró nínú afẹ́fẹ́, kò ní di ohun ṣíṣàn àfi bí òtútù bá dé ìwọ̀n 183 lábẹ́ òdo. Ní ọdún 1877 àwọn ọkùnrin méjì, ọ̀kan ní ilẹ̀ Faransé, èkejì ní Switzerland, rí ẹ̀kán rẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1883 àwọn onímọ̀ méjì ní ìlú Kraków rí èyí tí ó pọ̀ díẹ̀ nínú ìgò. Dewar gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi ń ṣe ọ́síjìn ṣíṣàn ní ìwọ̀n púpọ̀, tí àwọn ènìyàn sì ń wá wò ó. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ojú ọ̀run nígbà tí kùrukùru kò sí.

Bí ó ti ń rí i ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá da ọ́síjìn náà sínú ìgò, ó ń hó kùù bí ìkòkò tí ó wà lórí iná. Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀ o. Yàrá lásán ni ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ohun tí ó wà ní ìwọ̀n 183 lábẹ́ òdo, yàrá tí ó tutù jù lọ jẹ́ ààrò fún un. Tábìlì ń mú un gbóná, afẹ́fẹ́ ń mú un gbóná, ojú àwọn tí ó ń wò ó pàápàá ń mú un gbóná. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìgò á ti gbẹ.

Níbí ni a ti ní láti dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òtútù jẹ́ ohun kan tí ó máa ń wọ inú nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru nìkan ni ó ń rìn. Láti ibi tí ó gbóná ni ó ti máa ń lọ sí ibi tí ó tutù, kì í sì í sinmi. Bí ẹ̀kọ bá tutù, ooru rẹ̀ ni ó jáde. Bí yìnyín bá yọ́, ooru ìta ni ó wọlé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ pa òtútù mọ́ kò ní iṣẹ́ méjì ju kí ó dínà mọ́ ooru.

Ọ̀nà wo ni ooru ń gbà? Bí ẹ bá fi ṣíbí irin sílẹ̀ nínú ọbẹ̀ tí ó ń hó, láìpẹ́ ibi tí ẹ ó dì mú yóò jó yín lọ́wọ́. Ooru gba ara ṣíbí náà wá. Bí ẹ bá na ọwọ́ sókè lórí ààrò, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ń lọ sókè ni ó ń gbé ooru kan ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ààrò ńkọ́? Ẹ kò fara kan iná, afẹ́fẹ́ gbígbóná rẹ̀ sì ń lọ sókè, kò wá sọ́dọ̀ yín. Síbẹ̀ iwájú yín ń gbóná, ẹ̀yìn yín kò sì gbóná. Ooru yìí ń tàn wá bí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn. Irú rẹ̀ ni ti oòrùn, tí ó ń gba inú òfìfo níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ rárá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ọdún 1892 Dewar dínà mọ́ gbogbo wọn. Ó mú ìgò gíláàsì kan, ó fi í sínú èkejì, ó sì so ẹnu wọn pọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín ìgò méjèèjì jáde, ó sì dí ihò náà pa. Àlàfo tí ó kù láàárín wọn kò ní nǹkan kan nínú. Ooru kò rí ara ohun kan gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò rí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé e. Nígbà tí ó da ọ́síjìn ṣíṣàn sínú ìgò yìí, ooru tí ó wọlé kò ju ìdá kan nínú márùn-ún ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀ èyí tí ń tàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé. Fún ìyẹn, ó fi fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ kun ara gíláàsì náà títí tí ó fi ń dán. Bí dígí ti ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni fàdákà náà ń dá ooru padà síbi tí ó ti wá. Ní ìgbà yìí ọ́síjìn náà dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ìgò. Kò hó mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù fún ooru ni ẹnu ìgò, níbi tí gíláàsì méjèèjì ti pàdé, gíláàsì ibẹ̀ sì tín-ín-rín.

Ṣé ẹ ti rí ìdáhùn ìbéèrè wa báyìí? Fúláàsìkì kò mọ ẹ̀kọ yàtọ̀ sí yìnyín. Ó kàn dínà ni. Ooru ẹ̀kọ kò rí ọ̀nà jáde, ooru ìta kò sì rí ọ̀nà wọ inú yìnyín. Àwọn fúláàsìkì onírin tí ó wọ́pọ̀ lónìí náà kò yàtọ̀: irin méjì ni, àlàfo tí kò ní afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1893 Dewar fi ìgò náà han gbogbo ènìyàn ní Royal Institution. Kò gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ìwé ẹ̀tọ́ ni ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tí ó bá ṣe ohun titun, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é tà láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú Dewar, irinṣẹ́ ìwádìí ni ìgò náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ará Jámánì kan wà tí ó mọ iṣẹ́ gíláàsì dáadáa, Reinhold Burger ni orúkọ rẹ̀. Ó rí i pé ìgò yìí lè wúlò nínú ilé. Ó fi irin wọ̀ ọ́ láṣọ kí ó má baà tètè fọ́, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1903. Ní ọdún 1904 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á pẹ̀lú orúkọ Thermos, èyí tí wọ́n mú jáde láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ooru. Ó tà káàkiri ayé. Dewar tí ó ṣe é kò jẹ nínú owó náà. Èmi rò pé ó dùn ún, nítorí kì í ṣe ẹni tí ó máa ń tètè gbàgbé ọ̀ràn.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ nípa ìwà rẹ̀. Onínúfùfù ni Dewar. Ó máa ń bá àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ láàárín wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú léwu. Láti mú gáàsì tutù, ó ní láti fún un mọ́ra nínú irin pẹ̀lú agbára ńlá, lẹ́yìn náà kí ó jẹ́ kí ó tú jáde lójijì láti ojú ihò kékeré. Ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ tí a ti fún dáadáa, kí ẹ fi ìka kan ibi tí ó ti ń jáde. Ẹ ó rí i pé ó tutù. Ohun tí Dewar ń lò nìyẹn, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ pọ̀ ju ti táyà lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Nígbà mìíràn irin kì í gbà á, á sì bú gbàmù. Àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ méjì, Lennox àti Heath, ojú kọ̀ọ̀kan ni ó fọ́ mọ́ wọn lójú nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá ń ka orúkọ Dewar nínú ìwé, ẹ rántí pé orúkọ tiwọn kì í sábà sí níbẹ̀.

Ohun tí ó kù níwájú Dewar ni háídírójìn, gáàsì tí ó fúyẹ́ ju gbogbo gáàsì lọ. Kò sí ẹni tí ó tíì rí i kí ó ṣàn, kí ó sì dúró nínú ìgò. Dewar fi afẹ́fẹ́ ṣíṣàn mú háídírójìn tutù ná, kí ó tó tú u láti ojú ihò. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1898, ó rí i. Ohun kan tí ó mọ́ gaara ń kán sínú ìgò onígíláàsì méjì náà. Èyí tí ó rí gbà kò ju ẹ̀kún ṣíbí ìmutíì mẹ́rin lọ, kí òtútù tó dí ọ̀nà páìpù. Ìwọ̀n 253 lábẹ́ òdo ni ó wà. Dewar ti gíláàsì gbọọrọ kan tí ẹnu rẹ̀ là bọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú gíláàsì náà sì dì lójú ẹsẹ̀ bí ìrì dídì. Bí kì í bá ṣe ìgò tí ó ṣe ní ọdún mẹ́fà ṣáájú, ṣíbí mẹ́rin náà ì bá ti fò lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó mú háídírójìn náà dì gbagidi.

Òtútù ní ààlà. Kò sí ohun tí ó lè tutù ju ìwọ̀n 273 lábẹ́ òdo lọ. Dewar ti súnmọ́ ibẹ̀ gan-an, ó sì ku gáàsì kan ṣoṣo, hílíọ̀mù. William Ramsay ni ẹni tí ó mọ̀ nípa hílíọ̀mù jù lọ nígbà náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà ni òun àti Dewar ń gbé. Dewar mọ bí a ti ń ṣe òtútù, Ramsay mọ bí a ti ń rí hílíọ̀mù, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò rẹ́. Hílíọ̀mù tí Dewar rí lò ti inú ìsun omi gbígbóná kan wá ní ìlú Bath. Gáàsì mìíràn dàpọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn sì ń dì nínú páìpù, ó ń dí ọ̀nà. Bí ó ti ń jà pẹ̀lú rẹ̀, ọkùnrin kan ní ìlú Leiden, ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ń fi sùúrù kó ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ jọ. Heike Kamerlingh Onnes ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1908, ó mú hílíọ̀mù ṣàn ní ìwọ̀n 269 lábẹ́ òdo.

Ìgò tí Dewar dá sílẹ̀ ni Onnes lò. Kò tilẹ̀ lo ẹyọ kan. Ó fi ìgò hílíọ̀mù sínú háídírójìn ṣíṣàn, ó fi ìyẹn sínú afẹ́fẹ́ ṣíṣàn, bí ẹni tí ó wọ bùbá tí ó tún fi dàńṣíkí àti agbádá lé e. Ooru tí ó bá ń bọ̀ láti ìta yóò kọ́kọ́ bá afẹ́fẹ́ ṣíṣàn pàdé. Èyí tí ó bá yọ́ kọjá ibẹ̀, háídírójìn yóò gbà á. Díẹ̀ kíún ni yóò kù tí yóò dé ọ̀dọ̀ hílíọ̀mù. Ní ọdún 1911 Onnes kan náà rí ohun àrà kan. Bí àwọn irin kan bá tutù tó bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná ń gba inú wọn kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan, irin náà kì í sì í gbóná. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1913. Dewar kò gba ẹ̀bùn náà rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba ti fi oyè Sà dá a lọ́lá ní ọdún 1904.

Dewar kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí ó fi kú. Ní ọdún 1921, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó, wọ́n ta fáólíìnì kan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe ní ọmọdé ni, nígbà tí ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1923, ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Iṣẹ́ dídínà mọ́ ooru kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa, ní erékùṣù Bonny, ní ìpínlẹ̀ Rivers, láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń mú gáàsì ilẹ̀ tutù dé ìwọ̀n 162 lábẹ́ òdo kí ó lè ṣàn, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi tí a ṣe nítorí òtútù gbé e lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n fúláàsìkì tí ó tóbi jù lọ tí mo mọ̀ wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. ITER ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lé ní ọgbọ̀n sì ni wọ́n dá owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni kí wọ́n dá irú iná tí ó wà nínú oòrùn sórí ilẹ̀. Nínú oòrùn, háídírójìn ń so pọ̀, ó ń di hílíọ̀mù, agbára ńlá sì ń jáde. Láti ṣe èyí ní ayé, gáàsì náà gbọ́dọ̀ gbóná dé mílíọ̀nù 150 lórí òṣùwọ̀n wa. Kò sí ìkòkò tí ó lè gba irú iná bẹ́ẹ̀, nítorí náà òòfà ni wọn óò fi gbé e ró láìjẹ́ kí ó kan ògiri. Òòfà ńláńlá méjìdínlógún ni ó yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ilé alájà mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Àwọn òòfà wọ̀nyí kò lè ní agbára tó bí kò ṣe pé wáyà inú wọn wà ní òtútù tí Onnes rí, ìwọ̀n 269 lábẹ́ òdo. Ẹ wo ọ̀ràn náà: iná tí ó gbóná jù lọ àti ohun tí ó tutù jù lọ yóò jọ wà nínú ilé kan, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni ó wà láàárín wọn. Bí ooru díẹ̀ bá yọ́ wọ inú wáyà, tí ó fi gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, wáyà náà yóò tún di wáyà lásán lójijì. Iná mànàmáná inú rẹ̀ yóò máa mú un gbóná sí i, gbogbo iṣẹ́ yóò sì dúró. A lè fi ẹ̀rọ kó ooru náà jáde, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Láti kó ooru gílóòbù iná kékeré kan jáde ní ibi tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yóò jẹ iná tí ó ju ti gílóòbù náà lọ ní ìlọ́po 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ òtútù tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lè kó ooru tí ó tó ti àáyọ́ọ̀nù iná mànàmáná 75 jáde ní ẹ̀ẹ̀kan náà, tọ́ọ̀nù hílíọ̀mù 25 ni yóò sì máa yí kiri nínú rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ooru tí a kò jẹ́ kí ó wọlé rárá ni ó dára jù.

Báwo ni wọ́n ṣe dínà mọ́ ọn? Wọ́n fi gbogbo òòfà náà sínú agolo irin kan tí ó ga tó nǹkan bí ọgbọ̀n mítà, tí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọn óò fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Àlàfo Dewar nìyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ògiri irin fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń dán yí àwọn òòfà ká láti dá ooru padà. Páìpù lẹ̀ mọ́ ara ògiri náà, hílíọ̀mù tútù ni yóò sì máa gba inú rẹ̀, kí ògiri lè wà ní ìwọ̀n 193 lábẹ́ òdo. Bí agbádá Onnes ni: ooru ìta yóò bá ògiri yìí pàdé kí ó tó dé ara òòfà. Fàdákà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi bo ògiri náà, gẹ́gẹ́ bí Dewar ti ṣe sí gíláàsì rẹ̀.

Ní ọdún 2022 wọ́n rí i pé àwọn páìpù ara ògiri náà ń sán. Kẹ́míkà díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù sí ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ó sì jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Páìpù tí ó bá ń jò yóò da gáàsì sínú àlàfo, àlàfo náà kò ní jẹ́ òfìfo mọ́, ooru yóò sì rí ohun tí yóò gbé e wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ tú ohun tí wọ́n ti tò sílẹ̀, wọ́n kó àwọn páìpù náà kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òmíràn.